Ẹ Jẹ́ Ká Bọ́ Fóònù Bí Ẹni Bọ́ Bàtà

Orí àpáta kan lẹ́yìn ìlú Ṣakí la wà lóru ọjọ́ náà, àwa ọ̀dọ́ bí ogójì. Ọyẹ́ ń fẹ́, a fi aṣọ bo orí, àwọn kan gbé ẹní dání. Ìṣọ́ òru la bá lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan, ẹni tó ń darí wa ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kálukú bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ọkàn ara ẹ̀. A dákẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí tanátaná bá jáde lẹ́yìn òjò. Fóònù ni. Ẹnì kan fẹ́ wo aago lásán, kò sì padà wá mọ́. Ẹnì kan ń dá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóhùn lórí WhatsApp. Ó ṣe díẹ̀, ohùn bú jáde lẹ́yìn wa: fídíò apanilẹ́rìn-ín kan ni, ẹni tó ṣí i ti gbàgbé láti pa ohùn rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń darí wa ò sì lè bá wa wí, torí fóònù tiẹ̀ náà wà níwájú, ó gbé e lé ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, ó ń fi wá hàn lórí Facebook. Èèyàn mọ́kànlá ló ń wò wá. A sọ̀ kalẹ̀ láago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí.

A ò wá sọ pé Sátánì ló ṣe fóònù. Ìwàásù yẹn ti sú wa. Àti kékeré la ti ń gbọ́ ọ: nígbà kan tẹlifíṣọ̀n ni, nígbà kan fíìmù ni, báyìí fóònù ló kàn. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ẹnu kan náà tó bá fóònù wí láago mẹ́wàá, tó bá di aago mọ́kànlá á ní, "Ẹ bá wa ṣe share o, kí àwọn tó wà nílé lè rí wa." Ewo ni ká wá ṣe nínú ẹ̀? Ọwọ́ tiwa náà ò sì mọ́. Àwa la ń sọ fún àwọn àgbà pé ayé ti kọjá wọn, pé inú fóònù ni Bíbélì wa wà. Òótọ́ àti irọ́ ló dì mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yẹn, a ó sì tú u palẹ̀ tó bá yá.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ojú àti ọkàn tí èèyàn fi sí nǹkan ni ọrẹ àkọ́kọ́ tó ní láti gbé wá síwájú Ọlọ́run. Kí owó tó bọ́ sínú igbá ọrẹ, kí orin tó jáde lẹ́nu, kí a tó kúnlẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ná. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ka ọrẹ owó débi náírà tó kẹ́yìn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni méjì ń fọwọ́ sí i. Ọrẹ tó ṣáájú owó, wọ́n ti jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó o lọ lójú gbogbo wa, nínú ilé Ọlọ́run, lákòókò ìsìn.

Àwọn wo ló ń kó o? Kì í ṣe àwọn ẹni òkùnkùn kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ìpolówó ọjà jẹun ni. Lọ́dún 1971 ni Herbert Simon, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ti là á sílẹ̀ pé bí ìròyìn bá pọ̀ jù láyé, ohun tí yóò wọ́n ni àfiyèsí àwọn tó ń gbọ́ ọ, torí àfiyèsí ni ìròyìn ń jẹ. Ohun tó bá sì wọ́n, òun náà ni oníṣòwò ń wá. Lọ́dún 2006, Aza Raskin gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí ojú ewé máa yọ lọ láìlópin: bí o bá ti fi ìka fà á, òmíràn á gòkè wá, kò nísàlẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ti kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Lọ́dún 2017, Sean Parker, ààrẹ àkọ́kọ́ tí Facebook ní, jẹ́wọ́ síta pé ohun tí àwọn ń rò nígbà tí àwọn ń kọ́ ọ ni bí àwọn ṣe máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò àti àfiyèsí èèyàn. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó kọ́ ilé ló ń sọ bí òun ṣe kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Tiwa ti kúrò nínú ilé, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé ọkàn èèyàn kì í fò kí fóònù tó dé ni? Ó ń fò dáadáa. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní apá àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, jẹ́wọ́ nínú ìwé Confessions, ní bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, pé bí òun bá jókòó sílé, alángbá tó ń mú eṣinṣin lè gba ọkàn òun, pé bí òun bá sì ń kọjá lọ ní pápá tí ajá ń lé ehoro, ọkàn òun á bá ajá lọ. Ta ni nínú wa tí ò tíì wo alángbá lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì rí nígbà tí ìwàásù bá gùn? Láyé ìgbà yẹn náà, Evagrius, tó ń gbé láàárín àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì, ṣàpèjúwe àárẹ̀ ọkàn kan tó máa ń bá wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó yẹ kó máa gbàdúrà á máa wo oòrùn bóyá àkókò oúnjẹ ti ń súnmọ́. Á yọjú síta bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá kí i. Ibi tó wà á sú u, á máa rò pé ibòmíràn dára ju ibẹ̀ lọ. Ẹ wò ó, fóònù nìkan ló kù ká fi sí i lọ́wọ́, tí yóò fi di ọ̀kan nínú wa.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Alángbá Augustine ò mọ Augustine rí. Kò mọ ohun tó wò lánàá, kò sì mọ ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá ti jẹ eṣinṣin ẹ̀ tán, ó lọ nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa mọ̀ wá. Ó mọ ìgbà tí a jí, ó mọ ẹni tí a ń yọjú wò láìjẹ́ kó mọ̀, ó mọ̀ pé bí fídíò bọ́ọ̀lù bá tán, fídíò ijó ló lè dá wa dúró. Ohun tí àwọn baba ìgbà náà fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá jà, àwa ń fi owó dátà rà á.

Kí á tó padà sórí ọ̀rọ̀ àdúrà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìfọkànsí jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í jẹun. Ẹ bá wa dé Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Ahunṣọ jókòó sídìí òfì, òwú gùn lọ jìnnà níwájú ẹ̀, ẹrù tó wúwo ló dì í mú lọ́hùn-ún kó lè le dáadáa. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ kan ń ju ọkọ̀ ìhunṣọ, ọwọ́ kejì ń gbà á, á sì gbá òwú mọ́ra. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbọ́ orin tàbí ìwàásù nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń hun. A ti jókòó tì wọ́n, a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo fóònù. Etí lè yà díẹ̀, ojú àti ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ yà. Bí òwú kan bá já tí ahunṣọ ò rí i, àléébù ti wọ inú aṣọ nìyẹn, á sì bá aṣọ náà dé ojú agbo ìgbéyàwó, lára ìyàwó fúnra ẹ̀.

Ahunṣọ ò sọ pé ìfọkànsí òun jẹ́ ìwà mímọ́. Iṣẹ́ ló kà á sí. Ó kọ́ ọ láti kékeré, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń sinmi, ó ń padà sídìí ẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ la sọ ọ́ di nǹkan tí Ẹ̀mí Mímọ́ máa wá ṣe fún wa láìjẹ́ pé a gbé ìka. A ó máa gbàdúrà pé, "Olúwa, fún mi ní ìfọkànsìn," fóònù ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ìtòsí Ìṣẹ́yìn yẹn náà ni Òṣoògùn wà, ìlú tí wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ja ìlú náà, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á kiri títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé ní bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí òun débẹ̀, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin! Ìwé Róòmù tó túmọ̀ sí Yorùbá jáde ní 1850. Òun àti àwọn mìíràn bíi Thomas King ló wà nídìí iṣẹ́ náà, odindi Bíbélì kò sì pé lédè wa títí di 1884. Ọdún 34 gbáko láti ìwé Róòmù dé odindi. Ẹni tó bá ti túmọ̀ ojú ewé kan rí láti èdè kan sí èkejì mọ iye ìgbà tí èèyàn ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tó gbà pé ó ti bọ́ sí i.

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí ti wà nínú fóònù wa báyìí, a ò san kọ́bọ̀. Láti 2008 ni YouVersion ti gbé àpù Bíbélì jáde, Yorùbá sì wà nínú ẹ̀. Ó dùn mọ́ wa, a ò ní kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Ìgbà mélòó la ti ṣí i, tí fóònù dún tìn, tí ẹnì kan fi àwòrán aṣọ ẹbí ránṣẹ́, tí a ní ká kàn wò ó ká padà, tí a ò sì padà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́? Bíbélì wà nínú fóònù lóòótọ́. Ọjà wà níbẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ìjà àwọn gbajúmọ̀ wà níbẹ̀, àna wa àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lè jókòó sáàárín gbogbo wọn kó sì ka Bíbélì nìkan, ọkàn ẹ̀ le ju tiwa lọ. Àwa ń lé eku méjì, ẹni tó bá sì lé eku méjì á pòfo.

Ẹlòmíràn tún wà tí a fẹ́ kí ẹ rántí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rí tó jẹ́, tí ìjọ CAC ṣì ń jẹ́ títí dòní, ni pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé dúró, pé ohùn kan pè é níbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ooye ní Iléṣà. Ẹ gba ẹ̀rí náà gbọ́ tàbí ẹ má gbà á, ẹ ṣáà wo bó ṣe lọ: ẹ̀rọ dákẹ́ kí ọkùnrin náà tó gbọ́ ohùn. Ẹ̀rọ tiwa kì í dákẹ́. Ní Òkè-Ògùn níbí tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, a mọ bí a ṣe ń gbé fóònù lọ sílé oníṣáájì, tí a máa sanwó, tí a máa jókòó tì í kí wọ́n má baà jí i. Bí wọ́n bá ní ká jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan lórí àdúrà, ẹ̀yìn á máa dùn wá.

Ẹ̀bi ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ó pọ̀. Ta ló kọ́ wa pé ká tẹ Àmín bí a bá gbà á gbọ́? Ta ló ń fi àdúrà ránṣẹ́ pé ká pín in fún ẹni mẹ́wàá kí ìbùkún má baà fò wá dá? Ẹlòmíràn nínú wa ń tẹ Àmín níbi ìpàdé àdúrà mẹ́ta láàárọ̀ kan, kò sì gba ẹyọ kan nínú àdúrà náà. Àtàǹpàkò ló ń gbàdúrà, ọkàn ṣì ń sùn. Kámẹ́rà náà ńkọ́? Látìgbà tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìsìn ti ń yí padà. Olórin ń wo kámẹ́rà. Oníwàásù ń wá gbólóhùn tí wọ́n máa gé fi sórí TikTok. A wà níbi kan tí arábìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tó ń sunkún. Ẹni tó ń ya fídíò fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó yíjú síbí díẹ̀. Arábìnrin náà yíjú. Ó nu ojú ẹ̀ kí ó tó yí i. Kí ló kù nínú ẹkún yẹn tó jẹ́ ti Ọlọ́run?

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní ṣé a ti gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí fóònù nìkan di ṣọ́ọ̀ṣì? A ò gbàgbé. Wọ́n á ní ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ńkọ́, tí kò lè gun òkè wá sí ìsìn? Ọmọ wa tó wà ní London ńkọ́, tó fẹ́ gbọ́ orin ilé? Nọ́ọ̀sì tí wọ́n lè pè nígbàkígbà ńkọ́? Àgbẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ààbò lójú ọ̀nà oko, tó fẹ́ gbúròó ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá tó wà lórí ẹní nílé, tó gbé fóònù sétí tó ń gbọ́ ìsìn, ó wà nínú ìsìn jù wá lọ. Ìjà wa kò kan ẹni tí kò lè wá. Ẹni tó wá, tí kò sì sí níbẹ̀, là ń bá wí. Àwa gan-an nìyẹn.

Kí ni ká wá ṣe? Ní Ìṣẹ́yìn, Mùsùlùmí pọ̀, ẹbí wa ni wọ́n. Bí wọ́n bá dé mọ́sáláṣí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Àwọn ará wa ní ìjọ Sẹ̀lẹ́ àti Kérúbù àti Séráfù náà mọ ohun tó ń jẹ́ ká bọ́ bàtà. Mósè náà gbọ́ ọ nídìí igbó tó ń jó. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù pé bàtà burú rí? Kò sóhun tó ṣe bàtà. Òun ló gbé wa débẹ̀. A bọ́ ọ torí pé iṣẹ́ ẹ̀ parí síbẹ̀, ohun tó sì ti tẹ̀ lójú ọ̀nà kò yẹ ilẹ̀ tí a fẹ́ dúró lé. Bí a bá ti wo fóònù báyìí, ìjà parí. A ò ní láti bú u, a ò ní láti jù ú nù. Ká ṣáà bọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí ìgbà tí alágbàfọ̀ ń sàmì sí aṣọ. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kí nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ní aláìsàn nílé fi orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá pè é bí ìpè bá dé. Kí fóònù àlùfáà kọ́kọ́ wọ inú agbọ̀n náà, lójú gbogbo ìjọ. Bí a bá ní láti fi ìsìn hàn fún àwọn tó wà nílé, kí kámẹ́rà má ju ẹyọ kan lọ, kó wà lẹ́yìn, kí wọ́n sì pa á nígbà tí a bá ń gbàdúrà. Kí a padà sí Bíbélì oníwèé nínú ìsìn, ká lo ti inú fóònù nínú ọkọ̀ àti lẹ́nu iṣẹ́. Nílé, ká ra aago kékeré tó ń dún, kí fóònù má baà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wa á bà láàárọ̀.

A ti gbìyànjú ẹ̀ wò. Àwa méjìlá péré la padà sórí àpáta náà. A kó fóònù sínú àpò kan, ẹnì kan nínú wa sì jókòó tì í nísàlẹ̀. A ò rí ìran kankan o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ le ju ààwẹ̀ lọ: gbogbo ìgbà lọ́wọ́ wa ń wọ àpò tó ṣófo. Ẹnì kan sùn lọ. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí òun rí nínú ara òun nígbà tí ariwo dákẹ́ bà òun lẹ́rù, pé òun ò mọ̀ pé inú òun bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló gbàdúrà pẹ́ jù lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, tí a gba fóònù padà, mẹ́ta nínú wa ò tan tiwọn títí wọ́n fi délé.

Ìyẹn ò tó nǹkan, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ná wa ju àpò kan lọ. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, èwo ló máa kọ́kọ́ gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà? À ń retí yín.